Ọwọ́ Ta Ló Ra Ojú Kọ́bọ̀ Yìí?

Bí kọ́bọ̀ àtijọ́ kan, ìyẹn pẹ́nì ayé Òyìnbó, bá ní ihò láàrin, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ má wulẹ̀ wá ọdún 1930 lára rẹ̀. Ẹ ò ní í rí i. Àwọn tó ń rọ owó fún wa nígbà náà kò tí ì máa fi bàbà pupa ṣe oníhò. Funfun ni kọ́bọ̀ oníhò láti ìgbà Ọba Edward Keje títí di 1951, bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì. Ọdún 1952 ni pupa wọlé. Nítorí náà, kí ènìyàn tó wọ awò ojú, kí ó tó gbé iná sún mọ́ ọn, àwọ̀ nìkan ti sọ fún un pé owó tó wà lọ́wọ́ òun kò lè dàgbà ju 1952 lọ.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ owó àtijọ́. Kúbwà ni mò ń gbé, níhìn-ín ní Àbújá, àwọn ará àdúgbò àti àwọn tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí ìpàdé bá ti parí, ẹnìkan á fà mí sí kọ̀rọ̀, á tú ìdì ọ̀rá kan, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo èyí. Èló ni wọ́n ń rà á?" Mi ò bínú sí ìbéèrè náà. Ọjà le, owó ilé ìwé ọmọ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo gbà tọkàntọkàn pé ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀: kí ni í ṣe, ọwọ́ ta ló sì gbà kọjá? Ẹni tó bá fo méjèèjì, tó lọ tààrà sórí èló, yálà kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, tàbí kó sọ ohun tí kò lè rí mọ́ nù sínú àpò onírin àlòkù.

Àbújá kì í ṣe ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá ti ń gbé láti ìran dé ìran. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó wá síbí láti Èkó, iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wa sì tẹ̀ lé wá. Agolo owó àtijọ́ tí ẹ bá rí nínú ilé Yorùbá ní Kúbwà, ní Nyanya tàbí ní Lugbe, ibòmíràn ló ti wá. Ti ẹlòmíràn wá láti Jos, ti ẹlòmíràn láti Kánò, Kàdúná tàbí Zaria. Ojú irin dé Kánò ní 1911, àwọn oníṣòwò láti Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì bá a lọ, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ní Sábóńgàrí, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyẹn ni ánínì (ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀), èépìnnì (ààbọ̀ kọ́bọ̀), kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ti kọjá. Ohun tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ agolo Bournvita lónìí, ohun tí wọn kò rí ná tán ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ oníhò, nítorí òun ló pọ̀ jù nínú agolo.

Oníhò kì í ní orí ọba, ihò ti gba ibi tí orí ìbá wà. Orúkọ ọba ni wọ́n kọ yí i ká ní èdè Látíìnì, pẹ̀lú adé. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló wà ní ojú kejì. Àwọn tí wọ́n rọ láti 1907 sí 1911 ní orúkọ NIGERIA lára, pẹ̀lú BRITISH WEST AFRICA. Ní 1912, wọ́n dá West African Currency Board sílẹ̀ ní London láti máa bójú tó owó Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia pọ̀, BRITISH WEST AFRICA nìkan ló sì kù lára owó láti ìgbà náà. Ẹni tó bá rí NIGERIA lára oníhò funfun, kí ó fara balẹ̀, nítorí ó ti di ohun ìní tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́wọ́ mú. NIGERIA tún padà wá ní 1959, lára kọ́bọ̀ àti èépìnnì oníhò, nígbà tí a ń múra òmìnira. Pupa ni àwọn yẹn, wọn kì í sì í ṣe àwítúnwí ti àkọ́kọ́.

Bí orúkọ ọba bá ti parẹ́, ẹ wá IND:IMP. Ìyẹn ni pé ọba náà tún jẹ́ olú-ọba Íńdíà. Íńdíà gba òmìnira ní 1947, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lára owó George Kẹfà. Lẹ́tà mẹ́fà péré ló pín ìjọba ọba kan sí méjì! Àwọn lẹ́tà kéékèèké mìíràn tún wà tí ojú tètè máa ń fò: H fún Heaton ní Birmingham, KN fún Kings Norton, SA fún Pretoria ní South Africa. Wọ́n ń sọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ owó náà, ó sì ṣẹlẹ̀ rí pé ọdún kan náà, ọba kan náà, ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí ni àwọn olùkójọ ń wá kiri.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 1936. Ọba George Karùn-ún kú ní oṣù Kìíní ọdún náà, Edward Kẹjọ gorí oyè, kò sì tó ọdún kan tó fi sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, owó tó ní orí rẹ̀ kò dé ọjà. Ṣùgbọ́n tiwa kò nílò orí, orúkọ lásán ni, nítorí náà wọ́n ti rọ ánínì, èépìnnì àti kọ́bọ̀ EDWARDVS VIII, wọ́n sì ti kó wọn wá. Obìnrin tó ń ta àkàrà ní Jos ná owó ọba tí ará London kò rí ná. Kò wọ́n o. Ẹ lè rà á lókè òkun ní ìwọ̀nba dọ́là díẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọdé kan bá bi mí kí ni ìjọba amúnisìn, kọ́bọ̀ yìí ni mo máa kọ́kọ́ gbé fún un.

Ní ti irinṣẹ́, òòfà kékeré ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ yọ ọ láti ara sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1973, kọ́bọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní ọdún náà, tó ní àwòrán ẹ̀rọ ìwa-epo, bàbà àti tánńganran ni látòkè délẹ̀. Ní 1991 wọ́n tún kọ́bọ̀ rọ, ṣùgbọ́n irin ni inú rẹ̀, bàbà kàn bò ó lára ni. Òòfà kò ní í fa ti 1973, yóò sì fa ti 1991 wàrà. Bí ọdún bá ti parẹ́ lára méjèèjì, òòfà á ṣì yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́yìn òòfà, òṣùwọ̀n. Àwọn tó ń ta wúrà ní ọjà Wuse ní òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù dé ìdá kékeré, bí ẹ bá sì kí wọn dáadáa, wọn kì í kọ̀ láti bá yín gbé owó kan lé e. Pẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì pupa, èyí tó fẹ̀ yẹn, máa ń wọn bíi gíráàmù 9.4. Tí ó bá ti fá púpọ̀ á dín díẹ̀. Bí ó bá dín jù, tàbí tó pọ̀ jù, ẹ fura.

Ìmọ́lẹ̀ ló kù. Ẹ má tan iná lé owó lórí láti òkè. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fi iná fóònù sí ẹ̀gbẹ́, kó rọra fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tábìlì dọ́gba, kí ẹ wá máa yí owó náà díẹ̀díẹ̀. Òjìji tíńtín á yọ lẹ́yìn lẹ́tà tí ojú ọ̀sán kò rí.

Irinṣẹ́ wọ̀nyí ni mo lò nígbà tí ìyá ìyàwó mi kó wá láti Jos láti máa bá wa gbé, tí ó sì gbé agolo tirẹ̀ jáde.

Oníhò ló pọ̀ nínú rẹ̀ bí mo ṣe retí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀, pupa, tí kò ní ihò. Ojú kan rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pátápátá. Etí rẹ̀ ti rọ̀, ó ti rí bí èso iṣin tí ọmọdé ti fi ṣeré fún ìgbà pípẹ́. Àbúrò ìyàwó mi wò ó, ó ní owó Lugard ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó bá a wá ní ti Ọbabìnrin Victoria ni, pé òun rí fídíò kan tí wọ́n ti ń rà á ní mílíọ̀nù. Mọ́mì kò sọ nǹkan kan. Ó ń wò wá.

Òòfà kò fà á, nítorí náà kì í ṣe kọ́bọ̀ 1991. Kò ní ihò, nítorí náà kọ́bọ̀ ti West African Currency Board ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀, ti Nàìjíríà 1959 náà sì bá a jáde. Ojú tó kù díẹ̀ sàn ni mo wá kọjú sí. Ká ní pẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì ni, obìnrin tó jókòó pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti asà ni ìbá wà níbẹ̀. Ká ní ààbọ̀ pẹ́nì wọn ni, ti 1937 sókè, ọkọ̀ ojú omi ni ìbá jẹ́. Ká ní kọ́bọ̀ 1973 wa ni, ẹ̀rọ epo ni. Kò sí ọ̀kankan. Ohun tí mo rí ni ìràwọ̀. Inú gbogbo wọn dùn, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i, ìràwọ̀ Lugard náà nìyẹn!" Mo ní kí a ka igun rẹ̀. A kà á. Márùn-ún ni, kì í ṣe mẹ́fà.

Igun kan ṣoṣo tó dín yẹn ló gbé wa kúrò ní Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè wo nínú àwọn tó ti ná pẹ́nì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló fi ìràwọ̀ onígun márùn-ún ṣe àmì ara rẹ̀? Gánà. Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1957, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tiwọn, wọn ò sì lu ihò sí pẹ́nì àti ààbọ̀ pẹ́nì wọn. Orí Kwame Nkrumah, olórí ìjọba wọn, ni wọ́n fi sí ojú kan, ìràwọ̀ àti ọdún 1958 sí ojú kejì. Mo pa iná, mo fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó tẹ́jú náà. Ó pẹ́ kí n tó rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, D àti I yọ létí rẹ̀, lẹ́yìn náà T, O, R. Ohun tí wọ́n kọ yí orí Nkrumah ká ni CIVITATIS GHANIENSIS CONDITOR, ìyẹn ẹni tó dá orílẹ̀-èdè Gánà sílẹ̀. Yàtọ̀ sí owó Gánà, kò sí owó mìíràn tí mo mọ̀ tí ìràwọ̀ onígun márùn-ún àti ọ̀rọ̀ yẹn ti pàdé.

Àbúrò ìyàwó mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Gánà? Kí ni owó Gánà ń ṣe ní Jos?"

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dúró. Wọ́n ti mọ orúkọ owó, wọ́n ti mọ ọdún rẹ̀, wọ́n á lọ wo iye rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dà mí láàmú lára fífá rẹ̀. Owó tó bá ń rìn lọ́jà, láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti inú igbá dé inú àpò, máa ń jẹ ní ojú méjèèjì. Ibi tó bá ga jù ló máa kọ́kọ́ lọ: irun ọba, èjìká rẹ̀, ẹnu ìràwọ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú Nkrumah ti lọ tán, ti ìràwọ̀ ṣì ku díẹ̀. Àti pé àkókò kò tó. Wọ́n fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 1966, ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé owó tuntun tí kò ní orí rẹ̀ jáde. Ọdún mélòó kan ni pẹ́nì yìí lè rìn lọ́jà Gánà kí ojú rẹ̀ tó lọ báyìí? Ìnáwó ọjà kọ́ ló ṣe èyí. Ẹnìkan ló ń fọwọ́ ra á.

Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ni owó yìí?"

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ìyá mi ló ni ín. Mo ń wò ó bóyá ẹ̀ ẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́. Kùmásí ní Gánà ni wọ́n bí òun, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí òun méjèèjì, ìyá òun sì ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti òwú níbẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà fẹ́ràn Nkrumah gan-an, ìyá òun náà sì wà lára wọn. Ó ti wà ní Kùmásí kí Nkrumah tó dé ipò, ó sì gbọ́ ọ tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n lé Nkrumah, tí wọ́n ń wó ère rẹ̀, ìyá yọ pẹ́nì kan sọ́tọ̀, ó ní orí ọkùnrin yìí kò ní í kúrò lọ́wọ́ òun. Inú àpò ìgbànú ló fi sí, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá ń ro ìṣirò, bí ó bá ń dúró de oníbàárà, àtàńpàkò rẹ̀ á wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà tàbí Èjìgbò nípa oṣù yẹn. Ohun tí ẹlòmíràn fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ, ó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mọ́mì jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà náà. Lọ́rí ló kó wọn gba Lomé àti Kútọnu wá sí Èkó, láti Èkó sí Ògbómọ̀ṣọ́, ilé tí òun kò rí rí. Ọjà kò dá lára wọn níbẹ̀, ìyá òun sì tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Jos. Ìlẹ̀kẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n àpò ìgbànú náà kò yí padà. Jos ni ìyá àgbà kú sí.

Nígbà tí àwọn ará Gánà yí pọ́n-ùn padà sí sídì ní oṣù Keje 1965, ṣílè mẹ́jọ àti pẹ́nì mẹ́rin ni wọ́n kà sí sídì kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọgọ́rùn-ún pẹ́nì gan-an nìyẹn, nítorí náà pẹ́sẹ́wà kan, èyí tí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ sídì kan, jẹ́ pẹ́nì kan. Ohun tí ìyá àgbà rọra ń di mú láti 1966 ò ju pẹ́sẹ́wà kan lọ, kó tó di pé wọ́n yí owó padà, tí kò tó ìyẹn pàápàá mọ́. Ó gbé e kọjá ẹnubodè mẹ́ta.

Mo wá dé orí èló báyìí, nítorí àbúrò ìyàwó mi kò gbàgbé.

Lókè òkun, àwọn tó ń tà owó àtijọ́ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn dídára owó, láti 1 dé 70, èyí tí William Sheldon gbé kalẹ̀ ní 1949 fún owó bàbà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. 70 ni èyí tí ọwọ́ kò kàn rí. Pẹ́nì ìyá àgbà wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń fi ojú-mọ̀ nìkan dá owó mọ̀. Pẹ́nì Gánà 1958 pọ̀ káàkiri, èyí tó bá fá tó báyìí kò ní í ju dọ́là kan tàbí méjì lọ. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé gbogbo owó àtijọ́ ló ń sọni di ọlọ́rọ̀ kò fẹ́ràn yín. Èyí tó wọ́n gan-an wà lóòótọ́: pẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì ti 1933, kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ tí a lè fi ọwọ́ kà lọ tí wọ́n ṣe. Àmọ́ ìdí tó fi wọ́n náà nìyẹn, kò sí nínú agolo ẹnikẹ́ni ní Kúbwà.

Ohun méjì ni mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó bá fẹ́ tà. Àkọ́kọ́, ẹ má wo iye tí ẹnìkan kọ sára ọjà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè kọ mílíọ̀nù. Ẹ wo iye tí wọ́n rà á ní tòótọ́, ojúlé tó ń ta irú nǹkan báyìí máa ń fi ti èyí tó ti tà hàn lọ́tọ̀. Ìkejì, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra kọ́bọ̀ yín ní owó ńlá, tó wá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí owó ìwé àṣẹ, ẹ pa fóònù. Olùrà ló ń sanwó fún olùtà. Mo ti rí ìyá kan ládùúgbò wa tó fi owó oúnjẹ san irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó dùn mí dọ́kàn.

Ọ̀nà mìíràn tí owó wọ̀nyí ń gbà parun kò ní ariwo. Àwọn tó ń ti bárò kiri àdúgbò, àwọn baban bola, ń ra bàbà ní kílò. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn ni, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n pẹ́nì tó wọn gíráàmù 9.4, ó lé ní ọgọ́rùn-ún kí ó tó pé kílò kan. Ọgọ́rùn-ún owó tí ọwọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti kọjá lára rẹ̀, ọba mẹ́rin, ilé iṣẹ́ mẹ́ta, a dà wọ́n sínú ìkòkò ìyọ́rin nítorí iye tí kò tó nǹkan. Inú mi kì í dùn sí i rárá.

Ìfọ̀ ló tún burú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó tó bá dán ló máa pa owó, wọ́n á wá fi eérú, iyanrìn, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí Brasso fọ̀ ọ́. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí bàbà fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀ sára, òun gan-an ni ìwé ọjọ́ orí rẹ̀, òun ló sì ń dáàbò bo èyí tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti bó o, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Olùrà tó mọ̀ ọ́n á sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bí erùpẹ̀ bá bò ó jù, omi tí kò ní iyọ̀ nínú, irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì ọkọ̀ nígbà tí kò tí ì dà pọ̀ mọ́ ásíìdì, ti tó. Ẹ rì í síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbọ́n ọn gbẹ láìra á. Ẹ máa fi etí rẹ̀ gbé e, òógùn ọwọ́ máa ń jẹ bàbà. Bí ìpata aláwọ̀ ewéko bá ń hù lára rẹ̀, tí ó ń ya bí ìyẹ̀fun, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò láàrin àwọn yòókù. Ọyẹ́ Àbújá dára fún un, ìgbà òjò ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ má sì fi sínú ọ̀rá rírọ̀ olóòórùn yẹn, ó máa ń yọ omi tó ń sọ bàbà di aláwọ̀ ewé. Àpò ìwé kékeré ni mo ń lò, mo sì máa ń kọ ohun tí mo bá gbọ́ sára àpò náà kí n tó fi owó sínú rẹ̀: orúkọ, ìlú, ọjà, ọdún tí wọ́n bá rántí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìtàn owó ilẹ̀ yìí lójú kan, Báńkì Àpapọ̀, CBN, ní ilé àkójọ owó kan ní olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Àbújá. Ẹ mú ọmọ yín lọ síbẹ̀.

Mo fi àwòrán pẹ́nì náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí WhatsApp. Ilẹ̀ kò tí ì ṣú tó fi fèsì, àwòrán lòun náà fi ránṣẹ́. Owó bàbà kan ni, ìlù wà lójú rẹ̀, ìràwọ̀ wà lẹ́yìn: pẹ́sẹ́wà kan ti 1967, èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí orí Nkrumah kúrò. Òun náà gbé e wá láti Kùmásí, bàbá wọn ló fún un, kò sì sọ fún àbúrò rẹ̀ rí. Ìpata ewéko díẹ̀ wà létí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ń lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́ kí òun lè fọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó rí i.

Mo pè é kíá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi ọsàn kàn án. Ẹ fi bébà wé e, ẹ̀gbọ́n mi kan ń bọ̀ láti Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fún un kó bá wa mú un bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára, òun á wé e. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ìwé náà lè fẹ̀ díẹ̀, nítorí òun fẹ́ kọ orúkọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé ní Kùmásí sí i, àti ohun tí pẹ́sẹ́wà kan ń rà níbẹ̀ lọ́dún tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ.